Èdè Tí Bàbá Fi Ń Rántí

Kò sí orúkọ tí àwọn ará Ìkàrẹ́ kò tíì fi pe iṣẹ́ tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe. Àwọn kan ń pè wá ní dókítà ọwọ́. Àwọn kan ní àwa ni "àwọn tó ń kọ́ arúgbó bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò." Ìyá mi, tó bí mi sí Ọ̀kà, gbé ìwé ẹ̀rí mi lé itan lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un, ó ní, "Jídé, ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnì lo lọ kọ́ láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe bọ́tìnì nìkan."

Ó ní, "Ẹn-ẹ́n. Okùn bàtà náà wà níbẹ̀."

Ojú tì mí. Iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ tì mí lójú, lẹ́yìn náà ojú tún wá tì mí pé iṣẹ́ rere lè ti ènìyàn lójú. Bí ọkàn mi ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Bí nǹkan bá dùn mí, n ó tú u palẹ̀, n ó yẹ̀ ẹ́ wò, n ó sì máa bẹ̀rù pé bóyá kò yẹ kó dùn mí. Ẹ fara dà á fún mi bí mo bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n yá yàrá ẹ̀yìnkùlé mi, tí wọ́n ń gun ọ̀kadà lọ sí Àkùngbá láràárọ̀, ló ní kí n kọ ọ́, nítorí wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Mo mọ ẹ̀rù yẹn. Ọmọ ilé mi ni.

Ohun tí iṣẹ́ wa jẹ́ nìyí. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu obìnrin tó ń dín àkàrà, dókítà ni yóò dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ẹlòmíràn wà tí yóò máa na ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè rìn. Tiwa ni pé kí ó tún lè dín àkàrà. Kí ó lè po ẹ̀wà lílọ̀, kí ó lè de ìró, kí ó lè fọ ẹnu ara rẹ̀. Nígbà tó yá, a tún fi ìdajì kejì kún un: a ń bá àwọn àgbà tọ́jú ọpọlọ kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọwọ́ àti ọpọlọ, a kì í yà wọ́n. N ó sọ bí a ṣe bọ́ sí i.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gba àlàyé. Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà. Mo gba lẹ́tà, mo gbé àpótí, mo dé Ìkàrẹ́. Owó oṣù wà, kò pọ̀, kò sì pa mí. Ohun tó tọ́ kí n sọ ni Alhájà Sàfúrá.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Alhájà, òun sì ni olórí yàrá ìtọ́jú kékeré tí wọ́n rán mi lọ. Obìnrin kúkúrú, ìborùn funfun, ohùn tí kì í ga. Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ ló sọ fún mi. Mo wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Gírájúéètì, káàbọ̀. Na ọwọ́ ọ̀tún rẹ."

Mo rò pé ó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Báńdéèjì ló mú jáde. Ó so ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ ìgbànú mi, ó ta á ní kókó, ó ní, "Ó di ìrọ̀lẹ́. Lọ wẹ̀, lọ jẹun, lọ ra nǹkan lọ́jà. Bí o bá tú u, má padà wá."

Ẹ gbọ́, mi ò lè sọ gbogbo ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà. Táì yẹn, kò ṣeé tú. Ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n ọjà ló burú jù. Mo fi ọwọ́ òsì na owó sí ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà sísun. Ó tari igbá sẹ́yìn.

"Ọwọ́ òsì! Ọwọ́ òsì lo fi ń nawó sí mi ní kùtùkùtù? Ta ni bàbá rẹ?"

"Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni kò ṣiṣẹ́."

Ó wo báńdéèjì náà, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Yéè! Ọ̀dọ́mọkùnrin bí èyí! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i." Ó bu ẹ̀pà fún mi, ó bù ú lé e lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ̀, kò gba owó mi. Mo dúró síbẹ̀ bí olè. Mo ti parọ́ fún un, ó sì ti fi ẹ̀pà ṣe mí lóore.

Nígbà tí mo padà dé, Alhájà bi mí pé, "Èwo ló dùn ọ́ jù, èébú àbí ẹ̀pà?"

Mo ronú. "Ẹ̀pà ni, mà."

"Ó dáa. Tú ọwọ́ rẹ. O lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Òfin rẹ̀ kejì ni pé kí n fi ọwọ́ sẹ́yìn. Bàbá kan wà tó jẹ́ télọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́yìn àìsàn, ó ń gbìyànjú láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó gbìyànjú títí, òwú ń yẹ̀ ẹ́. Mi ò lè gbà á mọ́ra. Mo na ọwọ́ láti bá a kì í. Rúlà Alhájà bà mí lẹ́yìn ọwọ́, pàá!

"Ṣé ìwọ ni àìsàn ń ṣe?"

"Rárá, mà. Àánú ló ṣe mí."

"Àánú ta ni? Àánú rẹ ni. Ara tìrẹ ni kò gbà á. Fi ọwọ́ rẹ sẹ́yìn, kí Bàbá ráyè."

Bàbá télọ̀ kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Alhájà, ẹ nà án lẹ́ẹ̀kan sí i, òjìji rẹ̀ ń dí mi lójú." Ìgbà tó yá, òwú wọlé. Bàbá gbé abẹ́rẹ́ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó rí eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ tó ká. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi, àti pé ẹni tó bá ti ìgbín lẹ́yìn, kò bá a gùn ún. Mo nífẹ̀ẹ́ obìnrin yẹn. Mo bẹ̀rù rẹ̀ bí iná, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò rí ìdí kankan tí ìkan yóò fi lé ìkejì jáde.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ wọlé nítorí obìnrin alákàrà kan. A tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọwọ́ náà padà, gbogbo wa jẹ àkàrà. Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé ó gbé epo kaná, ó sì gbàgbé, ó lọ kírun. Ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò. Ilé ìdáná nìkan ló jó.

Alhájà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "A tún ọwọ́ ṣe, a gbàgbé ẹni tó ni ín."

Bí kíláàsì Ọjọ́bọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ọwọ́ ṣe ń pa ẹ̀gúsí, ẹnu ń ka orúkọ gbogbo ìlú láti Ìkàrẹ́ dé Ìfira, ká wá kà á padà láti ẹ̀yìn. A ń rìn, a ń gbé omi sí ife lọ́wọ́, a sì ń dárúkọ irú iṣu lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹni tí kò bá lè rìn kó sì máa ronú, ọjọ́ kan ni yóò ṣubú níbi tí ẹnì kan ti kí i. A ń ṣe ìṣirò nínú ayò. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà tí kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, wọ́n ní ọpọlọ àwọn ṣì mú, àwọn fẹ́ kó máa mú bẹ́ẹ̀.

"Alhájà," ni bàbá kan wí lọ́jọ́ kan, ó gbé ife omi dání, ó ń rìn, "ìyàwó tí mo kọ̀ sílẹ̀ ńkọ́, ṣé kí n ka orúkọ tiẹ̀ náà?"

"Ẹ kà á, bí ẹ bá fẹ́ da omi."

Ó kà á. Omi dà. Ẹ̀rín pa wá.

Ṣùgbọ́n Alhájà kì í jẹ́ kí a ṣèlérí. "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé a lè ti ilẹ̀kùn mọ́ iyè rírà," ló máa ń sọ fún wa. "A kàn ń bá wọn fi àga dí ẹnu ọ̀nà ni. Ọlọ́run ló ni ilẹ̀kùn."

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà tí a ń ṣà, àti pákó tí káfíńtà bá wa kan ìkọ́ àti àgádágodo mọ́ ni gbogbo ohun tí a ní. A ń fi tíúbù kẹ̀kẹ́ wé ọwọ́ ṣíbí kó lè nípọn fún ẹni tí ìka rẹ̀ kò ká dáadáa. Nígbà tó yá, amọ̀ rọ́bà aláwọ̀ mèremère dé láti Èkó. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé, pẹ̀lú eré kan tí máńgòrò ń já bọ́ nínú rẹ̀, tí aláìsàn yóò máa fi ọwọ́ gbé agbọ̀n kiri láti gbà á. Ìyá kan gbá máńgòrò jọ títí, a pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà. Ó ní, "Mo ti ká a tán. Níbo lẹ kó o sí?" Iná lọ kí a tó rí èsì fún un, a sì padà sídìí ẹ̀gúsí, tí kì í béèrè iná. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, fóònù ni gbogbo rẹ̀. N kò bá irinṣẹ́ tuntun jà. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé irinṣẹ́ tó ṣe jàǹbá jù lọ́wọ́ mi, bébà lásán ni, pẹ̀lú bírò.

Mo ti ń fà á sẹ́yìn láti dé ibí yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò tíì gbọ́ ọ rí.

Alhájà ti fẹ̀yìntì nígbà náà, èmi ni mo jókòó sí àga rẹ̀. Mo ní bébà ìdánwò kan tí a fi ń mọ̀ bí iyè ènìyàn bá ti ń rà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Èmi fúnra mi ni mo tú u sí Yorùbá, Yorùbá tó gún régé, tí tíṣà mi àtijọ́ ì bá fi ṣogo. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé mo ti sún iṣẹ́ náà mọ́ àwọn ènìyàn wa.

Bàbá Múmúnì wá láti ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ìkàrẹ́. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ará Àkókó mọ̀ pé ìlú wà láàárín wa tí èdè wọn kì í ṣe Yorùbá rárá, tí ìlú tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè kò gbọ́ ti òkè. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe mọ̀ pé òun ní ẹ̀dọ̀, tí kì í rántí rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó àti iṣu ni Bàbá, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ń dá gbé nínú ilé rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ díẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ráfíù, tó jẹ́ tíṣà ní Àkúrẹ́, ló mú un wá, ẹ̀rù sì ń ba Ráfíù pé bàbá òun kò lè dá gbé mọ́.

Kí wọ́n tó wọlé, mo gbọ́ ohùn Bàbá níta, ó ń bá ọlọ́kadà jà. "Ó wọ́n! Ó wọ́n jù! Má tàn mí! Gba èyí, o ò gbà á, mo lọ!" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní nínú ara mi pé Yorùbá kò ṣòro fún bàbá yìí.

Mo bẹ̀rẹ̀. "Bàbá, ọjọ́ wo la wà lónìí?"

"Ọ̀la lọjà."

"Rárá, Bàbá. Ọjọ́ wo? Ajé ni, àbí Ìṣẹ́gun?"

Ó wo Ráfíù. Ó tún wò mí. Ó gbé ohùn sókè bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀: "Ọ̀-la-lọ-jà!"

Mo kọ òdo sílẹ̀.

"Oṣù wo la wà?"

"Iṣu ti wọlẹ̀."

Òdo.

Mo pe ọ̀rọ̀ márùn-ún fún un kó fi sọ́kàn: àtùpà, ìrètí, fèrèsé, òdòdó, ìjọba. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, mo ní kó kà wọ́n fún mi. Ó ní àtùpà. Ó dákẹ́. Mo ní kí ó máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí la fẹ́ fi ṣe?"

Ráfíù bo ojú rẹ̀. Mo rò pé ẹkún ni. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ìtìjú ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé iyè Bàbá ti rà gan-an, kò sì yẹ kí ó máa dá gbé. Mo fi ọwọ́ sí i. Mo tilẹ̀ fi rúlà fa ìlà sábẹ́ "gan-an." Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni, mo sì rò pé èyí tí a bá kọ sí bébà kì í bọ́.

Òjò ọdún náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí àbúrò Bàbá, Ìyá Sàlámọ̀, tó wọlé tọ̀ mí wá. Ìkàrẹ́ ló lọ́kọ sí, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kò kí mi.

"Ìwọ lo kọ ìwé pé orí ẹ̀gbọ́n mi ti dàrú?"

Mo ní, "Ẹ jókòó, mà."

"N kò jókòó. Èdè wo lo fi bi í?"

Mo ní Yorùbá ni.

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Yorùbá ọjà ni Múmúnì ń sọ! Yorùbá tó fi ń ra iyọ̀! Ta ló kọ́ ọ ní ìjọba? Ta ló kọ́ ọ ní òdòdó? Òun náà ló mọ ààlà gbogbo oko ìdílé wa, igi dé igi. Òun ló ń ka orúkọ àwọn òkú wa láti ìbẹ̀rẹ̀ láìfo ẹyọ kan. Ìwọ wá kọ̀wé pé kò mọ ọjọ́!"

Ó wá sọ ìyókù. Ráfíù ti mú Bàbá lọ sí Àkúrẹ́, sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sí ẹni tó ń bá a sọ èdè rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá ti dákẹ́. Ìjókòó ni iṣẹ́ rẹ̀. Ráfíù sì ti rí ẹni tí yóò ra oko náà, wọ́n fẹ́ parí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo fẹ́ kí ó pariwo mọ́ mi sí i, nítorí bí ó bá dákẹ́, n ó gbọ́ ara mi. Mo gba ilé Alhájà lọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo rò ó tán, mo tún fi bó ṣe dùn mí tó kún un, mo sì ní, "Alhájà, ṣé kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀?"

Ó ń ka tẹ̀sùbáà. Kò dáwọ́ dúró kíákíá. "Gírájúéètì," ló wí, "o so ahọ́n àgbàlagbà bí mo ṣe so ọwọ́ rẹ, o wá ní kó sọ̀rọ̀." Nígbà tó yá, ó tún ní, "Ta ló sì bèèrè ìwé mìíràn lọ́wọ́ rẹ? Èyí tí o kọ ṣì wà níta. Lọ gbà á padà."

Èmi àti Ìyá Sàlámọ̀ wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí a dé Ọ̀wọ̀, ó ra búrẹ́dì, ó sì já díẹ̀ fún mi láìwo ojú mi.

A bá Bàbá lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti rù. Mo mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìka mẹ́ta ti ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọn kò ṣí mọ́. Kí ó tó lọ Àkúrẹ́, ọwọ́ yẹn ti ń bọ̀ sípò. Mo di í mú.

Ráfíù kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù. "Bùrọ̀dá Jídé, ìwé yín ni mo tẹ̀ lé. Mo gbọ́ nígbà tó ní ọ̀la lọjà. Mo mọ̀ pé ọjà ni lóòótọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ kọ òdo, mo sì rò pé ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

Mo ní, "Mo ṣì í. Ẹ jẹ́ kí n tún bi í, kí Ìyá máa bá mi sọ ọ́."

Ìyá Sàlámọ̀ fa àpótí mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè wọn. Ojú Bàbá là bí ìgbà tí a ṣí fèrèsé. Mo pe ọ̀rọ̀ márùn-ún, ohun oko àti ohun ilé, Ìyá tú u fún un. Nígbà tí a bèèrè, Bàbá ka márààrún, ó tún kà á láti ẹ̀yìn, kò sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bèèrè ọjọ́. Ó fèsì, ó gùn díẹ̀, Ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú.

"Ó ní àná ni ọjà ilé wa. Ó ní èyí ni ọjà kejìlélógún láti ìgbà tí wọ́n ti mú òun kúrò nílé."

Ráfíù dìde, ó mú kàlẹ́ńdà lára ògiri, ó ń fi ìka kà á. Ọjà ọrọọrún ni ọjà ìlú wọn. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó pé géérégé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

"Bí ó bá ṣubú lóko ńkọ́?" ló bi mí.

Ọ̀rọ̀ gidi ni, ìfẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Ó lè ṣubú. N kò lè ṣèlérí pé kò ní ṣubú. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé, òun ló yẹ kí ẹ bi."

Ráfíù bi í, ní èdè wọn. Ó ń kọsẹ̀ nínú rẹ̀ bí ọmọ kékeré. Bàbá tẹ́tí sí i títí, ó sì dá a lóhùn ní Yorùbá ọjà rẹ̀, kí èmi náà lè gbọ́: "Mo lọ ilé. Ó tán."

Mo kọ ìwé mìíràn níbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo ṣì í, pé èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ ni mo fi dán an wò, pé orí rẹ̀ pé, pé ó lè gbé níbi tó bá fẹ́. Ìyá Sàlámọ̀ ló di bébà náà mú fún mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Oko kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí mo dán wò láìkọ́kọ́ bi í pé, "Èdè wo lẹ fi ń lá àlá?" A sì wá ẹnì kan nínú ìlú kọ̀ọ̀kan tí yóò máa bá wa tú u. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé yìí, ẹ má lé ẹ̀rù jáde lọ́kàn yín. Ẹ jẹ́ kí ó bà yín kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan. Tèmi dé lẹ́yìn ìbuwọ́lù.

Bàbá padà sílé, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta náà kò ṣí tán láéláé. Mo ń lọ síbẹ̀ lóṣooṣù láti bá a tọ́jú ọwọ́ náà. Mo wé tíúbù kẹ̀kẹ́ mọ́ ọwọ́ ọkọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ òsì ran ọ̀tún lọ́wọ́ láti ro ebè méjì-mẹ́ta, ó ń pàṣẹ ìyókù fún àwọn ẹlòmíràn.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ó ní kí n jókòó. Ó pe àwọn ará agbo ilé jọ. Ó gbé ìka sókè, ó sì pe ọ̀rọ̀ márùn-ún fún mi ní èdè wọn, díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe ṣe fún un. Ó bu obì jẹ, ó wo ojú ọ̀run, ó sì ní kí n kà wọ́n. Mo rántí méjì. Mo ṣi ọ̀kan pè.

Bàbá mirí. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. Ìyá Sàlámọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀ kó tó lè tú u fún mi: "Ó ní iyè rẹ ti rà gan-an. Ó ní kò yẹ kí o máa dá gbé."

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín, mo rín in pẹ̀lú wọn, mo sì ń sunkún, n kò sì lè sọ èwo nínú méjèèjì ló pọ̀ jù.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lóṣooṣù. Ọ̀rọ̀ márùn-ún, obì, ìdájọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ní ọjọ́ kan tí Ìyá Sàlámọ̀ kò bá mi wá, mo ka márààrún láìṣì ọ̀kan, mo sì kà wọ́n padà láti ẹ̀yìn. Bàbá fi ọwọ́ tó ká yẹn gbá mi ní èjìká, ó sì sọ gbólóhùn kan ní èdè rẹ̀. Kò sí ògbufọ̀ níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ara rẹ ti ń yá."